Kókó Abẹ́ Awọ: Ọ̀rá Lásán Ni, Àbí Nǹkan Mìíràn?

"Nọ́ọ̀sì, kò dùn mí o."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà oníṣẹ́ abẹ, kò sí gbólóhùn tí mo gbọ́ tó ìyẹn. Ẹni tí kókó ọ̀rá lásán wà léjìká rẹ̀ máa ń sọ ọ́. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti ń dàgbà nínú itan rẹ̀ láti ọdún tó kọjá náà máa ń sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹni tí kì í sọ ọ́ ni eléèwo, nítorí kò rí oorun sùn mọ́jú, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ọsibítù. Dókítà á tú ọyún rẹ̀ jáde, á wẹ ojú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi jinná.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n nínú ìfiwéra yìí. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò lára kókó: ibi tó jìn dé, bó ṣe ń rìn lábẹ́ ìka, bó ṣe le tó, àti bó ṣe yára dàgbà tó. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkíní àti ìkẹyìn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Bí a ṣe ń fọwọ́ wò ó

Lipoma ni àwọn dókítà ń pe kókó ọ̀rá. Ọ̀rá gidi ni, irú èyí tó wà lábẹ́ awọ gbogbo wa, àfi pé ó kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, awọ fẹ́lẹ́ kan sì wé e mọ́ra. Nínú gbogbo kókó tó ń hù nínú ẹran ara àgbàlagbà, òun ló wọ́pọ̀ jù. Láàárín ọdún 40 sí 60 ló sábà máa ń yọjú, ní ẹ̀yìn ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, apá tàbí itan. Kì í wo ẹni tó sanra kó tó hù, ẹni tín-ín-rín náà ń ní in. Ẹni tó bá sì gbààwẹ̀ títí tó fi rù, kókó ọ̀rá rẹ̀ kì í bá a rù.

Kí ọwọ́ tó kàn án, ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, má ṣe jẹ́ èyí tó wà lókè orí, torí òjìji ló ń fi bí kókó ṣe ga hàn. Ṣé awọ orí rẹ̀ rí bí awọ tó yí i ká? Ṣé ihò bíńtín kan wà láàárín rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi kan ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbóná jù ú lọ. Ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ òun ń gbóná kò ṣàdédé máa lo ẹ̀yìn ọwọ́.

Ó wá kan ìka. Ẹ fi ìka kan tẹ etí kókó náà wọlé díẹ̀. Kókó ọ̀rá á yọ̀ pọ̀rọ́ kúrò lábẹ́ ìka bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lódò. Ìyọ̀ yìí wà lára àmì tí dókítà máa ń wá, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fi sọ fún yín pé ẹ lọ sinmi. Bí ẹ bá tẹ àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó rọ̀ bí fùfú tí wọ́n wé sínú ọ̀rá (ọ̀rá ọjà ni mo ń sọ níbí, kì í ṣe ti ara), ẹ sì lè mọ àwọn ìṣù kéékèèké nínú rẹ̀ bí ẹ bá rọra fi ìka rìn ín. Ó rọ̀ débi pé àwọn kan á rò pé omi ni, wọn á sì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fà á. Kò sí omi níbẹ̀.

Ní ti líle, ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fọwọ́ kan ètè yín: ìyẹn ni rírọ̀. Ẹ kan ṣóńṣó imú: ìyẹn ni líle díẹ̀. Ẹ kan iwájú orí: ìyẹn ni líle gan-an. Kókó ọ̀rá a máa wà nítòsí ètè. Tó bá ti ń lọ sí imú, ẹ fara balẹ̀. Tó bá dé iwájú orí, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi ibi tí kókó jìn dé hàn. Ẹ jẹ́ kí ẹran abẹ́ rẹ̀ le. Bó bá wà lápá, ẹ ká apá bí ẹni ń gbé garawa omi. Bó bá wà nítan, ẹ na ẹsẹ̀ gbọnrangandan kí ẹ sì gbé e kúrò lórí ibùsùn. Kókó tó wà láàárín awọ àti ẹran á tún yọ síta sí i, á sì máa rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà nínú ẹran gan-an á há, kò ní ṣeé tì mọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ẹran á fara pamọ́. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí, bó ti wù kí wọ́n rọ̀ tó, kì í ṣe kókó tí ọwọ́ nìkan lè dá lẹ́jọ́.

Ẹ wá mú okùn ìwọ̀n télọ̀, kí ẹ wọn bó ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìrántí kò ṣeé gbára lé nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀" ni gbogbo èèyàn ń sọ.

Kókó ọ̀rá àti àpò abẹ́ awọ

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń ṣì fún ara wọn jù, àní láàárín àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Àpò abẹ́ awọ jẹ́ awọ tó ká wọnú, tó wá ń kó ìpẹ́ ara jọ sínú ara rẹ̀. Ó roboto, ó le ju ọ̀rá lọ, ó sì so mọ́ awọ lókè. Ẹ gbìyànjú láti fún awọ orí rẹ̀ pọ̀: ti kókó ọ̀rá, awọ á gbà kí ẹ fún un, á sì máa yọ́ lórí rẹ̀, ti àpò, awọ àti kókó á jọ dìde ni. Bí ẹ bá tún rí ihò dúdú bíńtín lórí rẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Bó bá sì ti bẹ́ rí, tí nǹkan funfun tó kì, tó ń rùn bíi wàrà tó kan jáde, kò tún sí ohun tí ẹ ń bi ẹnikẹ́ni. Irú èyí tó ń hù lórí, lábẹ́ irun, kì í sábà ní ihò. Bí báábà bá bá a pàdé, ẹ sọ fún un kó má fi abẹ kàn án.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí àpò náà bá fọ́ sínú, ara á wú, á gbóná, ohun tí kò dùn yín lánàá á di eéwo lọ́la.

Kókó ọ̀rá àti eéwo

Níbí, ojú lásán tó. Eéwo a máa gbóná, a máa dùn, kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó gbó, ibà sì lè tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: àwọn ìwé ìlera tó wá láti ilẹ̀ òyìnbó máa ń sọ pé kí ẹ wá àwọ̀ pupa. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pupa yẹn kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lè ṣókùnkùn ju ara yòókù lọ, kó máa dán bí ẹni fi epo pa á. Ooru àti ìrora ni kí ẹ wá, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀.

Kókó ọ̀rá àti kókó ọrùn, abíyá tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn

Ní ibi mẹ́ta yìí, ara ní àwọn kókó tirẹ̀ tó ń bá àìsàn jà. Egbò ẹsẹ̀ á mú kí ti orí itan wú, eyín tó jẹrà á mú kí ti abẹ́ àgbọ̀n wú. Wọ́n rí bí ẹ̀wà tí wọn ò tíì sè tán, wọ́n le bíi rọ́bà, wọ́n sì máa ń pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kókó ọ̀rá kì í dédé tò ní ọ̀wọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́rùn, tí ẹni náà ń rù, tó ń làágùn lóru, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife àti fún jẹjẹrẹ kókó ara. Bí kókó ibi wọ̀nyí bá lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìsí egbò tó fà á, ẹ má dúró mọ́.

Kókó ọ̀rá àti kókó ìnárun

Àwọn tó dàgbà nílùú ńlá kì í ronú kan èyí. Ẹni tó ti gbé lẹ́bàá odò tó ń sáré, níbi tí àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké ti ń jẹni lọ́sàn-án, lè ní kókó tí aràn ìnárun kó ara wọn jọ sí. Òun náà kì í dùn, ó sì lè máa rìn díẹ̀ lábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀rá. Ibi tó wà ló ń tú u fó: orí eegun ló fẹ́ràn, eegun ìdí, eegun ìhà, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó le ju ètè lọ, ó tó imú. Ara á tún máa yún ẹni náà, ojúgun rẹ̀ sì lè ní àbàwọ́n funfun tó rí bí ara ẹkùn. Ivermectin, oògùn tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún láwọn abúlé, ni wọ́n fi ń gbógun tì í.

Ọ̀rá tó ń dùn

Mo ti sọ pé kókó ọ̀rá kì í dùn. Ó ní àwọn tó yàtọ̀. Irú kan wà tí òpójẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń kéré, ó máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, ní apá ìsàlẹ̀ pàápàá, ó sì máa ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1892, Francis Dercum, dókítà kan ní Philadelphia, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ọ̀rá ara wọn ń dùn gidigidi, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Otto Madelung ti Jámánì ti ṣàpèjúwe èyí tó ń yí ọrùn ká bí kọ́là aṣọ, tó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin tó ti mutí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn kì í dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in lè má lè yí ọrùn dáadáa.

Kókó ọ̀rá àti jẹjẹrẹ ọ̀rá

Èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ nǹkan yìí. Liposarcoma lorúkọ rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n; tí a bá to kókó ọ̀rá jọ bí òkìtì iyanrìn, ẹ ó wá a kí ẹ tó rí ẹyọ kan. Kókó ọ̀rá lásán kì í sì í sábà yí padà di jẹjẹrẹ, nítorí náà kí ẹni tó ti ní tirẹ̀ láti ogún ọdún má bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

| | Kókó ọ̀rá lásán | Jẹjẹrẹ ọ̀rá |
|---|---|---|
| Ìtóbi | ọ̀pọ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 5 | ó sábà máa ń ju 5 lọ kí wọ́n tó rí i |
| Ibi tó jìn dé | abẹ́ awọ | inú ẹran tàbí abẹ́ rẹ̀, ní itan pàápàá, tàbí ẹ̀yìn ìfun |
| Ìdàgbà | ọdún púpọ̀, tàbí kó dúró sójú kan | ó ń tóbi sí i. Aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn |
| Lábẹ́ ìka | ó ń yọ̀, ó ń rìn | ó há, tàbí etí rẹ̀ kò hàn |
| Líle | ètè | imú, ṣùgbọ́n ó lè rọ̀ bí ètè |
| Ìrora | kì í sábà sí | kì í sábà sí |

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ẹ sì tún wo ti líle: irú jẹjẹrẹ ọ̀rá tí kò burú tó àwọn yòókù, tí ọ̀rá inú rẹ̀ ṣì jọ ọ̀rá gidi, lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ dókítà àgbà pàápàá kò ní dá a mọ̀. Ó sì lè rọra dàgbà fún ọdún mélòó kan. Ohun tó kù tí ọwọ́ lè rí ni ìtóbi àti jíjìn.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ṣe àpẹẹrẹ ìtóbi tó yẹ kó lé èèyàn lọ sí ọsibítù. Àwa kì í kúkú gbá gọ́ọ̀fù lójoojúmọ́. Ẹ ronú kan àgbálùmọ̀ tó tóbi díẹ̀. Kókó tó bá tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń tóbi sí i lójú yín, tàbí tó há nígbà tí ẹran le, tàbí tó tún hù níbi tí wọ́n ti gé e rí: ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí tó. Kò dìgbà tó bá pé mẹ́rin.

Itan ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹran itan pọ̀, kókó lè tóbi gan-an kó tó hàn síta, ẹni náà á sì rò pé òun ń sanra ni tàbí pé òun fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan. Bí ìdí ṣòkòtò bá bẹ̀rẹ̀ sí í há lẹ́sẹ̀ kan tí kò há lẹ́sẹ̀ kejì, ẹ fi okùn wọn itan méjèèjì níbi kan náà. Ti ẹ̀yìn ìfun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí kókó kankan tí ẹ máa fọwọ́ kàn. Ikùn á kàn máa tóbi, oúnjẹ díẹ̀ á máa yóni.

Ibi tí mi ò ní kí ẹ fọwọ́ ara yín pinnu

Ọyàn ni àkọ́kọ́. Lóòótọ́, kókó ọ̀rá ń hù nínú ọyàn, ṣùgbọ́n ìka kò lè fi í yàtọ̀ dájú sí ohun tí a ń bẹ̀rù. Ọwọ́ dókítà, àwòrán àti abẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò.

Kókó rírọ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́, ní àárín gbùngbùn, pàápàá tí irun hù lórí rẹ̀ tàbí tí awọ ibẹ̀ jìn wọnú, lè ní okùn tó so ó mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án kí wọ́n tó ya àwòrán inú rẹ̀.

Láàárín ìdodo àti igbá àyà, ọ̀rá inú lè gba ihò kékeré kan yọ síta. Bí ọ̀rá lásán ló máa rí lọ́wọ́, ìpá ni. Ẹ wúkọ́ kí ọwọ́ wà lórí rẹ̀: bó bá ta yín lọ́wọ́, tàbí tó ń wọlé nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ti mọ̀. Kókó ibi tí itan ti pàdé ikùn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i.

Iwájú orí wá jẹ́ òdìkejì. Kókó ọ̀rá tó bá hù níbẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ẹran ibẹ̀, ó máa ń le, kì í rìn, àwọn èèyàn á ní eegun ló hù. Ọ̀rá náà ni. Mo ti rí ẹni tó sunkún ọ̀sẹ̀ méjì lórí rẹ̀.

Nínú kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ gé e, àti kí ẹ sáré

Kókó kékeré tó rọ̀, tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, tó wà lókè ẹran, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òrí kò lè yọ́ ọ. Àgbo kò lè fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì fi nǹkan tó ń jóni sí i lórí, egbò ló máa fi dípò kókó.

Gígé rẹ̀ kò le: abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú tipiri, ojú abẹ kékeré, a sì rọra yọ ọ̀rá náà pẹ̀lú awọ tó wé e, bí ẹni bọ́ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sábà rántí sọ fún yín. Awọ dúdú wa máa ń ní àpá tó ń wú, tó ń tàn kọjá ibi tí abẹ gbà, èjìká, àyà àti òkè ẹ̀yìn sì wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù. Bí ẹnì kan nílé yín bá ní irú àpá bẹ́ẹ̀ rí, tí kókó yín kò sì dí yín lọ́wọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé e nítorí ẹwà. Ẹ lè fi ohun rírọ̀ tí aṣọ ń bò ṣe pàṣípààrọ̀ ohun líle tó ń yún yín lójoojúmọ́.

Fún èyí tó tóbi, tó jìn tàbí tó ń dàgbà, ìtò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìyára lọ. Síkáànì ló kọ́kọ́, MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara) bó bá jìn, kí wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ nínípọn mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí abẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gé jẹjẹrẹ ọ̀rá bí ẹni gé kókó lásán lè fi díẹ̀ sílẹ̀ kó sì tú u káàkiri ojú ọgbẹ́, iṣẹ́ abẹ kejì á wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nílé, àwọn ọsibítù tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó, ni ẹ ti máa rí oníṣẹ́ abẹ àti láàbù lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ sọ fún GP yín kedere pé kókó náà "ń tóbi sí i", torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn níbẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2015, tó ní kí wọ́n ro síkáànì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohunkóhun tí wọ́n bá sì gé lára yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ bèèrè ṣáájú pé láàbù wo ló ń lọ. Mo ti rí kókó tí wọ́n gbé lé aláìsàn lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú pé kó lọ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ láàbù náà sílẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde, kí ẹ sì padà lọ gbà á lọ́jọ́ náà, kódà bí ojú abẹ bá ti jinná.